Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ọdẹ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Ọta tí Ó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dì

Ìfáàrà

Iṣẹ́ ọdẹ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Kí ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ti yẹ ẹ̀tù wò bóyá ó ti rin, ó ti ka ọta inú àpò rẹ̀, ó sì ti fi ọkàn ṣírò ẹran tí ó ń lọ bá. Ẹ̀tù tí a ń kì fún ọ̀yà kọ́ ni a ń kì fún ìmàdò. Ìwọ̀n eku, ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọdẹ tí ó bá ki ẹ̀tù tí kò tó yóò kàn ṣe ẹran léṣe ni, ẹran náà yóò sì lọ jẹrà sínú igbó. Èyí tí ó bá kì í ní àkìjù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú.

Ó rọrùn láti rò pé ìbọn ṣakabùlà nìkan ni irú ìmọ̀ yìí wà fún, àti pé ní ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe ọta tà, ọdẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó san owó lọ. Ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ohun mìíràn. Lọ́dọọdún, kí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín àti élìkì tó dé ní ìgbà ìwọ́wé, ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ni ó máa ń jókòó ti tábìlì iṣẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn di ọta tí wọn yóò yìn. Élìkì jẹ́ ẹran abìwo tí ó bá àgbọ̀nrín tan, ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ púpọ̀. Akọ rẹ̀ lè tó 300 kílò. Àwọn òkè Rocky ni ibùgbé rẹ̀ pàtàkì, ìpínlẹ̀ Colorado ni ó sì ti pọ̀ jù lọ. Àròkọ yìí tọpa bí ìmọ̀ dídi ọta ṣe wà lọ́wọ́ ọdẹ, bí ó ṣe fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti ohun tí ó gbà kí ó tó padà sí i lọ́wọ́.

Ìgbà tí kò sí ọdẹ tí kì í ki ìbọn ara rẹ̀

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tí wọ́n ti ilẹ̀ Jámánì wá tẹ̀dó sí agbègbè Lancaster ní Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Wọ́n gbẹ́ ìlà tí ó lọ́ bí okùn sí inú ọ̀pá náà, kí ọta lè máa pòòyì bí ó ti ń jáde, kí ó má sì ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọdẹ tí ó ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń gba ohun èlò tí a fi ń da òjé sí ọta mọ́ ọn, nítorí pé ẹnu ìbọn kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Ìwo màlúù ni ó ń rọ ẹ̀tù sí, tí ó ń gbé e kọ́ ọrùn. Ìwo àgbọ̀nrín tàbí egungun ni ó sábà máa ń gbẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n kékeré tí ó bá ìbọn tirẹ̀ mu. Yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi aṣọ tí a fi ọ̀rá pa wé ọta, yóò sì fi ọ̀pá kì í wọlé. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá rí i kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe.

Nígbà tí àwọn ọdẹ onírunlójú bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ní àwọn ọdún 1820, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Jacob àti Samuel Hawken, ń ṣe ìbọn tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn ní ìlú St. Louis, nítorí pé ẹran orí òkè tóbi ju ti inú igbó ìlà-oòrùn lọ. Ìbọn yí padà, ṣùgbọ́n ìlànà kò yí padà: ọdẹ ni ó mọ iye ẹ̀tù tí ìbọn rẹ̀ ń fẹ́. Bàbá ń kọ́ ọmọ, ojú ni ọmọ sì fi ń rí i. Ẹ̀tù dúdú fúnra rẹ̀ ní sùúrù. Bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, púpọ̀ nínú àpọ̀jù náà yóò bá iná àti èéfín gba ẹnu ìbọn jáde. Ìdí nìyí tí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ fi tó ṣe òṣùwọ̀n fún un.

Àkọ̀ idẹ àti ihò kan ṣoṣo

Ohun tí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọdẹ ni kàtíríìjì. Ní ọdún 1857, Smith & Wesson gbé kàtíríìjì kékeré kan jáde, èyí tí ọta, ẹ̀tù àti ohun tí ń ṣáná sí ẹ̀tù jùmọ̀ wà nínú rẹ̀ lójú kan. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà fi máa parí ní 1865, ìbọn Spencer àti ìbọn Henry ti fi hàn pé ẹni tí ó ní irú ọta bẹ́ẹ̀ lè yìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ẹni tí ń ki ìbọn láti ẹnu tó yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n etí ìdí àkọ̀ ni ohun ìṣáná àwọn kàtíríìjì wọ̀nyí wà, òòlù ìbọn sì ń tẹ ibẹ̀ rún. Bí a bá yìn wọ́n tán, ó di dandan kí á sọ àkọ̀ nù.

Ní ọdún 1866, ènìyàn méjì rí ọ̀nà mìíràn. Hiram Berdan jẹ́ ará Amẹ́ríkà; Edward Boxer jẹ́ ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì fi ìṣáná kékeré sí àárín ìdí àkọ̀, kí ó lè ṣeé yọ kí á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú ètò ti Berdan, ara àkọ̀ ni ṣóńṣó tí ìṣáná ń lù mọ́ wà, ihò méjì kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iná ń gbà wọlé. Nínú ti Boxer, ṣóńṣó náà wà nínú ìṣáná fúnra rẹ̀, ihò kan ṣoṣo ni ó sì wà ní àárín àkọ̀. Ìtàn wá ṣe àwàdà: ilẹ̀ Yúróòpù ni ó gba ètò ọmọ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà sì gba ètò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí ihò kan ṣoṣo yẹn, ọdẹ Amẹ́ríkà lè ti abẹ́rẹ́ irin bọ inú àkọ̀ òfìfo, kí ó ti ìṣáná tí ó ti jó jáde, kí ó fi tuntun sí i. Bí ìmọ̀ dídi ọta kò ṣe kú ní Amẹ́ríkà, ihò yìí wà lára ohun tí ó fà á.

Kàtíríìjì Boxer kò ṣàì dé ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni wọ́n ṣe fún ìbọn Snider ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Snider sì wà lára àwọn ìbọn tí à ń ki láti ìdí tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà Ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí di 1893. Agbára àwọn ìbọn náà pọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ irin sí ọta fún ṣakabùlà. Kò lè rọ àkọ̀ idẹ àti ìṣáná. Kàtíríìjì tí wọ́n bá yìn lónìí, Èkó ni òmíràn ti gbọ́dọ̀ wá lọ́la. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ìbọn tuntun di ọ̀pá irin lásán. Ọ̀rọ̀ ta ni ó ń di ọta fún ta ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà kankan.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1870, àwọn tí ń pa ẹfọ̀n ní pápá ńlá àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà mọ èyí. Ìlú tí wọ́n ti lè ra ọta jìnnà sí wọn. Nítorí náà, agba ẹ̀tù, òjé àti ìṣáná ni wọ́n ń kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò jókòó ti iná, wọn yóò tún àkọ̀ tí wọ́n yìn lọ́sàn-án dì fún ìbọn Sharps wọn. Ìmọ̀ yìí kan náà ni ó mú kí ìpakúpa ẹfọ̀n yá kánkán. Kí àárín àwọn ọdún 1880 tó dé, agbo ẹfọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọgbọ́n dídi ọta kò ní ìwà tirẹ̀. Ìwà ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀tù tí kò ní sùúrù

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1884 tí àwọn tí ó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé wọn yóò pàdé. Ní ìlú New Haven ní Connecticut, John Barlow dá ilé-iṣẹ́ Ideal sílẹ̀. Ó ṣe irinṣẹ́ kan tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí ọdẹ lè fi ọwọ́ kan fún pọ̀ láti yọ ìṣáná, láti fi òmíràn sí i, àti láti ti ọta bọ ẹnu àkọ̀. Ó tún ń tẹ ìwé kékeré jáde, tí ó kọ ìwọ̀n ẹ̀tù àti irú ọta sí. Ní ọdún yìí kan náà, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín. Ìbọn Lebel ti àwọn ọmọ ogun Faransé lò ó ní 1886. Ní 1895, Winchester ta kàtíríìjì.30-30 fún àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ìyẹn sì di ọta àgbọ̀nrín tí kò sí ilé ọdẹ tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀tù tuntun yìí kò ní sùúrù. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ lọ́nà tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n tí bàbá rẹ̀ fi ń wọn ẹ̀tù dúdú bù ú kún àkọ̀, ìbọn yóò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀tù aláìléèéfín fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Òmíràn ń yára jó, òmíràn ń rọra jó. Méjì lè jọra bí ìbejì, kí ìwọ̀n tí ọ̀kan gbà jẹ́ ikú fún ẹni tí ó bá fi èkejì rọ́pò rẹ̀. Níbi yìí ni ìmọ̀ tí à ń fi ojú kọ́ ti dé òpin agbára rẹ̀. Ó di dandan kí á gbé ẹ̀tù lé òṣùwọ̀n. Ìdiwọ̀n tí wọ́n gbà ni gíréènì, orúkọ tí ó wá láti ara ẹyọ ọkà. Gíréènì 7000 ni ó wà nínú pọ́ùn kan; 15 kò pé gíráàmù kan. Ìdajì ẹyọ ọkà bẹ́ẹ̀ sì tó láti ya ọta rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú.

Bí a bá ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Franklin Mann, oníṣègùn kan ní Massachusetts, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí ìdí tí ọta méjì tí a dì bákan náà kò fi í wọ ihò kan náà. Ó fi kọnkéré ṣe òpó tí kò lè mì láti gbé ìbọn lé, kí ẹ̀bi má baà jẹ́ ti èjìká ènìyàn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1909, ó fi hàn pé àbùkù díẹ̀ ní ìdí ọta ń ba ìrìn rẹ̀ jẹ́ ju àbùkù ní imú rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Lyman ra Ideal ní 1925, ó sì ń bá ìwé Barlow lọ. Ní 1937, Philip Sharpe tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwé ni ó jẹ́ kí ọgbọ́n náà dé etí ẹni tí kò sí lẹ́bàá kòtò.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ọta fún ọdẹ wọ́n gidigidi. Ní 1943, Fred Huntington ní ìlú Oroville ní California ṣe ẹ̀rọ tí ó ń sọ àkọ̀ òfìfo kéékèèké tí a ti yìn di èwù idẹ fún ọta tuntun. Ẹ̀rọ náà ni ilé-iṣẹ́ RCBS ti sú yọ. Vernon Speer bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Lewiston, ìpínlẹ̀ Idaho. Nígbà tí ogun parí, ìjọba ní ẹ̀tù púpọ̀ tí kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Bruce Hodgdon ní Kansas ra púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn ọdẹ. Ní 1949, Joyce Hornady dá ilé-iṣẹ́ ọta sílẹ̀ ní Grand Island, Nebraska. Àwọn ọmọ ogun ti ń padà bọ̀ wálé. Wọ́n mọ ìbọn lò, owó ọwọ́ wọn kò sì pọ̀. Ẹni tí ó bá di ọta fúnra rẹ̀ lè fi owó kékeré yìn púpọ̀, ẹni tí ó bá sì yìn púpọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́.

Ìtàn John Nosler fi ohun mìíràn hàn. Ní 1946, ó lọ ṣe ọdẹ ní British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà. Ó yìnbọn lu akọ múùsì, ẹran ìdílé àgbọ̀nrín tí ó tóbi ju élìkì pàápàá lọ. Ọta rẹ̀ ń tú ká kí ó tó wọ ibi tí ẹ̀mí ẹran wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Nígbà tí ó padà délé, ó ṣe ọta oníyàrá méjì: ògiri bàbà wà láàárín, yàrá iwájú yóò ṣí bí òdòdó nígbà tí ó bá kan ara ẹran, ti ẹ̀yìn yóò dúró digbí, yóò sì máa wọlé lọ. Ní 1948 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kì í ṣe owó ni Nosler ń wá nígbà tí ó kọ́kọ́ jókòó ti iṣẹ́ náà. Ẹran tí ó jìyà ni ó ń rò.

Ìgbìyànjú ṣáájú àsìkò ọdẹ

Àsìkò ọdẹ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí òfin ń ṣọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ìpakúpa ti dín élìkì kù gidigidi. Òfin Lacey ti 1900 fòpin sí kíkó ẹran tí a pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Òfin Pittman-Robertson ti 1937 ya owó orí tí à ń san lórí ìbọn àti ọta ọdẹ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Élìkì tún pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, kèké ni à ń ṣẹ́ kí ọdẹ tó rí ìwé àṣẹ láti pa ẹyọ kan, ó sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kèké tó mú un. Ẹni tí ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ọta tàn án.

Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kó àkọ̀ tí ó ti yìn tẹ́lẹ̀ jọ, ó ń nu ìdọ̀tí wọn, ó sì ń fi irin oníhò fún wọn padà sí bí wọ́n ti rí, nítorí pé iná ìbọn máa ń mú idẹ wú. Ó ń fi ìṣáná tuntun sí wọn. Ó ń ṣí ìwé tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀tù àti ọta tẹ̀ jáde, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti òkè; ìwọ̀n tí ó kéré jù nínú ìwé ni yóò kọ́kọ́ lò. Yóò di mẹ́ta tàbí márùn-ún pẹ̀lú ìwọ̀n kan, yóò fi díẹ̀ kún un, yóò di òmíràn, yóò sì sàmì sí ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, yóò sì yìn wọ́n sí bébà ní 100 yáàdì.

Bébà kì í ṣègbè. Ìwọ̀n kan lè fọ́n ihò rẹ̀ káàkiri bí àgbàdo tí adìyẹ tàn. Ìwọ̀n tí ó tẹ̀ lé e lè kó tirẹ̀ jọ sójú kan tí owó ẹyọ kan yóò bò. Láàárín ìyìn kan àti èkejì, ọdẹ ń yẹ ìdí àkọ̀ wò. Bí ìṣáná bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí ìbọn bá ń le láti ṣí, ipá ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò sì ti padà lẹ́yìn. Láti àwọn ọdún 1960, nígbà tí Ken Oehler ní Texas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn eré ọta fún àwọn ènìyàn lásán, ọdẹ tún ti lè mọ̀ bóyá ọta rẹ̀ ń sáré bákan náà nígbà gbogbo. Ó tún gbọ́dọ̀ rántí ojú ọjọ́: ẹ̀tù tí a dán wò nínú oòrùn lè dẹ ẹsẹ̀ nínú òtútù orí òkè, kí ọta sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó ń balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo èyí ni ó ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: ọjọ́, irú ẹ̀tù, ìwọ̀n, irú ọta, bí ihò ti rí. Ọta tí yóò yìn ní ìgbà ìwọ́wé lè má ju ẹyọ kan lọ.

Ibi tí òmìnira rẹ̀ dúró sí

Ìmọ̀ tí a kọ sílẹ̀ pàápàá ń gbó. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ Barnes gbé ọta bàbà pátápátá jáde, èyí tí kò ní òjé nínú rárá. Nígbà tí ó yá, òjé tí ń ṣẹ́kù sínú ìfun ẹran tí ọdẹ fi sílẹ̀ di ewu fún igún ńlá ilẹ̀ California tí ń jẹ ẹ́. Ìpínlẹ̀ náà ṣòfin ní 2013, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2019 ni ó sì ti fi òfin de ọta òjé fún gbogbo ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ. Kí ọta bàbà tó wọ̀n bákan náà, ó ní láti gùn jù ú lọ, ó sì ń gba àyè ẹ̀tù nínú àkọ̀. Ìwọ̀n tí ọdẹ ti mọ̀ fún ogún ọdún kò bá a mu mọ́. Ó ní láti padà sí ojú ìwé tí ó kéré jù, kí ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́.

Ohun mìíràn tún hàn ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé. Ìṣáná wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ó ní ẹ̀tù, tí ó ní ọta, tí ó ní àkọ̀ ẹgbẹ̀rún, kò rí nǹkan kan dì. Ọdẹ tí ó rò pé òun kò gbára lé ẹnikẹ́ni rí i pé ẹyọ irin kékeré tí kò tó èékánná ọmọdé ni ó di òun mú. Ohun tí ó bá Èkìtìparapọ̀ fínra ní ọ̀nà Èkó ni ó bá a fínra nínú ilé ara rẹ̀. Ìṣáná kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ rí. Ìwọ̀n nìkan ni ó jẹ́ tirẹ̀: mímọ iye tí ó tó, àti ìdí tí ó fi tó.

Àgbálọgbábọ̀

Ọdẹ Amẹ́ríkà kò padà sí dídi ọta nítorí pé ó gbójú ju ẹlòmíràn lọ. Ihò kan ṣoṣo ní ìdí àkọ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, òṣùwọ̀n gbà á lọ́wọ́ ikú, ìwé sì jẹ́ kí ohun tí ẹnìkan fi ojú rí di ohun tí gbogbo ènìyàn lè lò. Nígbà tí ẹ̀tù yí padà, àwọn tí kò gbé ìmọ̀ wọn lé òṣùwọ̀n ni ó fara gbá a.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 fi ìbọn ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, àwọn ọdẹ sì ń kì í títí di òní. Ìmọ̀ iye ẹ̀tù tí ẹran kọ̀ọ̀kan ń gbà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn àti ní ẹnu wọn. Bí àgbà ọdẹ bá ti lọ, àtẹ́lẹwọ́ náà bá a lọ, ọ̀rọ̀ tí ó fi ń sọ ọ́ náà bá a lọ. Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò ní láti lọ jìnnà. Kí ó mú bébà àti kálámù, kí ó jókòó ti ọdẹ kan ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ń múra igbó, kí ó sì bi í léèrè pé: èló ni ti ọ̀yà, èló ni ti ìmàdò, kí sì ni a ń pe ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n?